Wákàtí Mẹ́wàá Kan Náà, Àìsàn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ọ̀nà Wo Ni Ká Fi Ka Ìdúró Ẹ̀rọ?

Láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, títí wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ kéékèèké máa ń bi mí: "Nínú ẹ̀rọ méjèèjì yìí, èwo ni kí n tà dànù?" Èmi náà á bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lóṣù tó kọjá. Alájì á wojú ẹnjiníà, ẹnjiníà á wojú ọ̀pàréítọ̀, ọ̀pàréítọ̀ á gbójú sókè wo àjà. Gbogbo Nàìjíríà ló ń fi àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé a mọ owó ṣírò jù. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ tí a fi ń ka owó ka ìdúró ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tí màá fi ṣàpẹẹrẹ ni èyí tí ń rọ omi sínú náílọ̀nù tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀rọ píọ̀-wọ́tà. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì hàn gbangba: róòlù náílọ̀nù lókè, hítà tí ń lẹ náílọ̀nù pa, ọ̀bẹ tí ń gé e, mọ́tò, bẹ́líìtì, bẹ́rìǹ. Ẹni tó ń dín gààrí, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, títí kan àwọn tó wà nílé-iṣẹ́ bíà àti sìmẹ́ǹtì ńláńlá, ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀rọ A àti Ẹ̀rọ B

Ká ní ẹ̀rọ méjì wà lábẹ́ òrùlé kan, tó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí 200 lóṣù. Èmi ni mo gbé àwọn iye yìí kalẹ̀ kí ìṣirò náà lè yé wa.

| | Ẹ̀rọ A | Ẹ̀rọ B |
|---|---|---|
| Iye ìgbà tó dúró | 40 | 1 |
| Bí ìdúró kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó | ìṣẹ́jú 15 | wákàtí 10 |
| Àpapọ̀ ìdúró | wákàtí 10 | wákàtí 10 |
| Wákàtí iṣẹ́ láàárín ìdúró kan sí èkejì (MTBF) | 4.75 | 190 |
| Wákàtí tí àtúnṣe kan ń gbà (MTTR) | 0.25 | 10 |
| Ìdá àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ | 95% | 95% |

Bí a ṣe rí MTBF kò le: ẹ kó wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ gan-an jọ, 190, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tó dúró. MTTR ni àpapọ̀ ìdúró tí a pín sí iye ìgbà kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdá àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ro MTBF àti MTTR pọ̀, kí ẹ wá fi àpapọ̀ yẹn pín MTBF.

Ẹni tó bá wo ìlà ìkẹyìn nìkan á ní ìbejì ni wọ́n. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ A ń jẹ wá níyà díẹ̀díẹ̀: náílọ̀nù ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, hítà kò gbóná délẹ̀, bóòtù kan ń tú. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pàréítọ̀ àti lọ́wọ́ ẹni tó ń ta náílọ̀nù fún wa. Ẹ̀rọ B kì í ṣe wàhálà, àmọ́ ọjọ́ tó bá dákú, ó dákú pátápátá. Oògùn tirẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó páàtì sí. Ẹni tó bá fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀pàréítọ̀ wo àìsàn B, tàbí tó lọ ra páàtì olówó ńlá sílẹ̀ fún A, ó ṣòfò.

Ìyàtọ̀ wọn tún wà lọ́dọ̀ oníbàárà. Pẹ̀lú A, mọ́tò tó wá kó omi á dúró díẹ̀, awakọ̀ á ráhùn, á sì rí ẹrù kó lọ. Pẹ̀lú B, mọ́tò á yíjú sílé-iṣẹ́ kejì. Bó bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ti dé sílé, tí oòrùn ń mú, oníbàárà tó yíjú lọ́sẹ̀ yẹn lè má padà mọ́. Nítorí náà, bí ọjà yín bá ní ìgbà tó ń yá gan-an, B ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Bí ọjà bá ń lọ déédéé láti oṣù dé oṣù, tí náílọ̀nù sì wọ́n, A ni, torí gbogbo ìgbà tó bá dúró tó sì tún gbéra ló ń sọ náílọ̀nù kan nù.

MTTR: ta ló jẹ wákàtí 10?

Ibí yìí ni mo ti rí ẹ̀bi tí wọ́n dá fún ẹni tí kò jẹ̀bi. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́rìǹ fọ́ nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀rọ dúró láti àárọ̀ títí di alẹ́. Alájì ranṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

"Wákàtí 10 lo fi tú bẹ́rìǹ kan ṣoṣo?"

"Alájì, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ẹ̀ fún yín."

Wọn ò jẹ́ kó ṣàlàyé. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un. Lẹ́yìn tí ara wọ́n rọlẹ̀ ni èmi àti mẹkáníìkì náà jókòó, tí a tú wákàtí náà wò. Ìṣẹ́jú 40 lọ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀ pè, torí pé ó wà lórí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ìṣẹ́jú 30 ló fi wá ibi tó ti bàjẹ́. Wákàtí 7 lọ sí ìrìn-àjò Èkó, láti lọ ra bẹ́rìǹ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọdún. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50 ni ọwọ́ rẹ̀ fi wà lára ẹ̀rọ gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ má yan MTTR bí ẹ bá fẹ́ díwọ̀n bí mẹkáníìkì ṣe mọṣẹ́ tó. Ohun tó ń díwọ̀n ni gbogbo ètò ilé-iṣẹ́: ta ni wọ́n ń pè, nọ́ńbà ta ló ń lọ, kí ló wà ní sítóò. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin: ìgbà tó dúró, ìgbà tí mẹkáníìkì dé ìdí ẹ̀rọ, ìgbà tí páàtì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìgbà tí omi àkọ́kọ́ tó dára jáde. Kọ́lọ̀mù mẹ́rin péré. Òun ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìwé ìkìlọ̀.

MTBF náà ní ibi tó ti ń tan ni jẹ. Wọ́n á ní MTBF ẹ̀rọ yìí jẹ́ wákàtí 190, ọ̀gá á sì rò pé ọkàn òun balẹ̀ fún wákàtí 190 kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Rárá o. Bó bá jẹ́ pé ìbàjẹ́ náà ń wá bó ṣe wù ú, láìka ọjọ́ orí ẹ̀rọ sí, ìdá 37 nínú 100 péré ni ìrètí pé ẹ̀rọ á dé wákàtí 190 yẹn láìdúró. Ìpíndọ́gba ni, kì í ṣe ìlérí. Ká sì tún sọ òótọ́: MTBF tí a fi ìdúró kan ṣoṣo ṣírò, bíi ti B lókè yẹn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Ẹ dúró kí ẹlẹ́rìí pọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

OEE fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dúró, tí ọjà rẹ̀ kò sì pé

Seiichi Nakajima, ará Japan, ló gbé OEE (Overall Equipment Effectiveness, ìwọ̀n bí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe péye tó) káàkiri ayé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń sọ di púpọ̀: ìdá àkókò tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, bí eré rẹ̀ ṣe tó sí eré tó yẹ kó sá, àti ìdá ọjà tó jáde láìlábùkù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ṣíìfù kan. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 30 oúnjẹ kúrò, ó ku 450. Ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú 90, ó ku 360. Ìyẹn jẹ́ 80%. Ká ní ó yẹ kó lẹ náílọ̀nù 30 ní ìṣẹ́jú kan, 10,800 ló yẹ kó jáde. 9,180 la rí, ìyẹn 85%. Nínú 9,180 yìí, 8,721 ni kò jò, ìyẹn 95%. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 64.6%.

Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń tú àṣírí ẹ̀rọ tí kì í dúró ṣùgbọ́n tí wọ́n ti dín eré rẹ̀ kù kó má baà dúró. Ọ̀pàréítọ̀ tó gbọ́n mọ ẹ̀tàn yìí dáadáa. Nínú MTBF, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á dà bí ọmọ gidi.

Ṣùgbọ́n mi ò gba ilé-iṣẹ́ kékeré nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi OEE bẹ̀rẹ̀. Nakajima fi 85% ṣe òṣùwọ̀n ilé-iṣẹ́ tó gbayì jù láyé, látìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ti ń fi 85 yìí na òṣìṣẹ́ lẹ́gba, láìbéèrè ohun tí wọ́n kà mọ́ ìdúró àti ohun tí wọn ò kà mọ́ ọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá yọ àìsíná kúrò, tí èkejì kà á mọ́ ọn, kí la fẹ́ fi wé kí ni?

Ọ̀rọ̀ iná ọ̀hún nìyẹn. Àwọn kan ní kí a má kà á rárá, torí pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Àwọn míì ní kí a kà á, torí pé omi kò jáde. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a kà á, ṣùgbọ́n kó ní orúkọ tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti gbówó lé iná àwọn tó wà ní Band A, tí ìlérí rẹ̀ jẹ́ ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń rí ohun tí ẹ ń sanwó fún bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Nǹkan kan tún wà tó máa ń sá mọ́ àwọn èèyàn lójú. Iná lè lọ fún ìṣẹ́jú 3 péré kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ṣùgbọ́n hítà á ti tutù, èèyàn á sì dúró kó tún gbóná. Ìdúró tó jẹ́ ti iná tán níbi tí iná dé. Èyí tó kù jẹ́ ti hítà. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà méjì. Bí ìlà kejì bá ń gùn sí i lóṣooṣù, hítà ń rẹ̀ ẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ bí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ lé NEPA lórí.

Òmíràn tó jọ ọ́ ni pọ́ńpù tó ń fa omi kànga. Bó bá dúró, ẹ̀rọ mẹ́rin á dúró. Nínú ìwé, ẹ̀rọ mẹ́rin ló jẹ̀bi, pọ́ńpù kò sì sí nínú ẹjọ́.

Ìwé, Excel, tàbí ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀rọ

Ìwé kò wọ́n, kò nílò iná, ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ á kọ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, láti orí. Ẹ ṣí ìwé ìdúró ẹ̀rọ kan wò, ẹ á rí i pé gbogbo ìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú 10, 15, 20, 30. Ẹ̀rọ wo ló ń bàjẹ́ ní iye tó gún régé báyẹn? Àléébù kejì ni ìbẹ̀rù: níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìwé náà wá ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ, "iná lọ" ni ìdí gbogbo ìdúró.

Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀rọ, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tàbí káńtà tí wọ́n so mọ́ ọn tó ń fi iye ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í gbàgbé, kì í sì í bẹ̀rù ọ̀gá. Ó rí ìdúró ìṣẹ́jú kan tí ènìyàn kò ní kọ láéláé, irú àwọn yẹn sì ni wọ́n ń kó jọ di wákàtí. Àmọ́ ó mọ ìgbà tí ẹ̀rọ dúró, kò mọ ìdí. Ọ̀pàréítọ̀ mọ ìdí, kò mọ ìgbà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ná owó gidi lórí rẹ̀, tí ìdí tó pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà sì jẹ́ "òmíràn", torí pé òun ni bọ́tìnì tó rọrùn jù láti tẹ̀.

Excel wà láàárín: ó dára fún ìṣirò, kò dára fún ìkọsílẹ̀. Ẹ máa fi ìwé gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa kó o sínú Excel lójoojúmọ́, kì í ṣe ní òpin oṣù.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ju mẹ́ta lọ, ìwé tó. Bí ẹ bá ní mẹ́wàá, tí ṣíìfù méjì tàbí mẹ́ta sì ń lọ, ẹ fi káńtà sára èyí tí gbogbo ìyókù ń dúró dè, kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ẹ má tíì ra fún gbogbo wọn.

Ẹ tún fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé náà fún ìdúró tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ sávíìsì, ọjọ́ tí Orò jáde tí àwọn obìnrin ò lè rìn wá sí ṣíìfù alẹ́, ọjọ́ tí Agẹmọ ń kọjá lójú ọ̀nà: ìdúró ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, ẹ má kà á mọ́ MTBF rẹ̀.

Nígbà tí iye ti wà nílẹ̀: Pareto, "kí ló dé" márùn-ún, tàbí Weibull

Pareto ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú. Vilfredo Pareto jẹ́ ará Ítálì. Joseph Juran ló fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tó wọ ilé-iṣẹ́, pé ìdí díẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà. Ẹ to àwọn ìdí láti orí èyí tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n kí la fi ń mọ̀ pé ó tóbi? Ká ní náílọ̀nù dá iṣẹ́ dúró nígbà 40, àpapọ̀ wákàtí 3. Hítà nígbà 6, wákàtí 6. Bẹ́rìǹ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 10. Bí a bá to wọ́n ní iye ìgbà, náílọ̀nù ló ṣíwájú. Bí a bá to wọ́n ní wákàtí, bẹ́rìǹ ni. Bí a bá to wọ́n ní owó, ó lè jẹ́ hítà, torí pé kí hítà tó kú pátápátá ló ti ń lẹ náílọ̀nù tó ń jò, tí oníbàárà ń dá àpò padà. Mo máa ń ní kí wọ́n to ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kan. Ìdí tó bá wà lókè nínú méjì, òun ni kí ẹ dojú kọ.

Pareto á sọ ibi tó ń dùn wá, kò ní sọ ohun tó fà á. "Kí ló dé?" márùn-ún ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, ọ̀nà tó wá láti ilé Toyota. Kí ló dé tí bẹ́rìǹ fọ́? Gírísì tán nínú rẹ̀. Kí ló dé tó tán? Kò sẹ́ni tó fi sí i. Kí ló dé? Ṣíìfù àárọ̀ rò pé ṣíìfù alẹ́ ló ń fi í, ṣíìfù alẹ́ náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀, kò pọn dandan kó pé márùn-ún. Àmọ́ bí ìdáhùn bá ti parí sí orúkọ ènìyàn, ẹ tún un bi.

Weibull ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni mi ò kí ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Waloddi Weibull, ará Sweden, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó lókìkí ní ọdún 1951. Ẹ kó ọjọ́ orí páàtì kan náà jọ lọ́jọ́ tó kú, ìṣirò á fún yín ní iye kan tí wọ́n ń pè ní β. Bó bá dín ní 1, àbíkú ni: ó ń kú láìpẹ́ tí a fi sí i, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń fi í tàbí ayédèrú tí ẹ rà. Bó bá wà lágbègbè 1, ikú òjijì ni, kò mọ ọmọdé kò màgbà. Ẹni tó bá ń yọ ọ́ lóṣooṣù láti fi tuntun sí i kò rí èrè kankan níbẹ̀. Bó bá ju 1 lọ dáadáa, ikú ogbó ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń béèrè ọjọ́ tí a fi páàtì sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í kọ.

Ká dúró kó bàjẹ́, ká ka oṣù, tàbí ká fetí sí i?

Èyí ni gbogbo ìṣirò ń lọ sí. Ọ̀pọ̀ rò pé kíka oṣù ló dára jù: oṣù mẹ́ta pé, ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ní 1978, Nowlan àti Heap tẹ àyẹ̀wò wọn lórí bàálù ilé-iṣẹ́ United Airlines jáde, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 péré lára àwọn ohun èlò náà ló ń hùwà bí ohun tó ń gbó. Ìyókù kò fi hàn pé ogbó ló ń pa wọ́n. Ẹ̀rọ wa kì í ṣe bàálù, mo mọ̀. Ọ̀bẹ àti ojú hítà tó ń fara kan náílọ̀nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń gbó lóòótọ́, ẹ ka wákàtí fún wọn. Hítà fúnra rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan tí pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì pẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú, kí ẹ sáà ní méjì nínú dúrọ́ọ̀. Bẹ́rìǹ ló yẹ ká fetí sí. Ìfura loògùn àgbà: ó máa ń kùn, ó máa ń gbóná, ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n kó tó fọ́, ọwọ́ ọ̀pàréítọ̀ tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ sì lè mọ̀ ọ́n kí ohun èlò olówó iyebíye tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀.

Alájì yẹn, ẹ̀rọ méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́rìǹ méjì ni wọ́n rà sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fa ìwé ìkìlọ̀ mẹkáníìkì ya lójú gbogbo wa. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra aago ńlá kan kọ́ sára ògiri, níbi tí ọ̀pàréítọ̀ á ti máa rí i láìyí orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi, pé ṣé aago ni mo fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí aago débẹ̀, mo ṣí ìwé ìdúró ẹ̀rọ, mo sì rí i níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: "ìṣẹ́jú 7".